Ọwọ́ Tó Bo Ojú Mi Lọ́jọ́ Ìdìbò

Òórùn obì ló máa ń jí mi láràárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré l'Ágége. Kì í ṣe obì tó ti mọ́, tó ń dán nínú igbá, ni mò ń wí o. Obì tútù ni, èyí tí wọ́n rẹ sínú omi kí èèpo ara rẹ̀ lè rà kó sì bọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ òórùn náà rí kò jẹ́ gbàgbé rẹ̀. Á wọ inú aṣọ, á wọ inú irun, kò sì sí ọṣẹ tó lè bá a wí. Ìyá mi wà lára àwọn obìnrin tó ń bó obì ní ìsọ̀ Alhaji, àtẹ́lẹwọ́ wọn sì pọ́n bíi ti ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé làálì. Alhaji yìí kan náà ló ni ilé tí à ń gbé. Bí a bá sùn, abẹ́ òrùlé rẹ̀ la sùn. Bí a bá jí, ìsọ̀ rẹ̀ ni ìyá mi ń lọ. Bàbá mi, bíríkìlà tó bá wọn kọ́ lára àwọn ilé iṣẹ́ tuntun tó ń dìde ní Ìkẹjà nígbà náà, kì í jẹ́ ká gbàgbé. "Ẹni a bá lábà ni baba," ni wọ́n máa ń wí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti mú ìyá mi wá sí Agége, a ò sì ní ilé mìíràn tí a lè sá lọ.

Ìdìbò tí mo fẹ́ sọ yìí ni èyí tó kẹ́yìn kí òmìnira tó dé. Ẹgbẹ́ méjì ló ń du àdúgbò wa mọ́ra wọn lọ́wọ́. N kò ní dárúkọ wọn, torí àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì ń bínú títí di òní. Alhaji wà nínú ọ̀kan, ó sì so àsíá rẹ̀ mọ́ iwájú ilé. Kò sí ayálégbé tó bi í léèrè ìdí. Télọ̀ kan tó ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé nìkan ló ṣe akin, tó so àsíá ẹgbẹ́ kejì mọ́ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Òjò àrọ̀kúrò kò tíì dá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọmọkùnrin kan gbé àkàsọ̀ ti ògiri, wọ́n sì ń ṣí páànù orí yàrá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣí ewé ẹ̀kọ. Òjò rọ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó rọ̀ sórí aṣọ àwọn oníbàárà, ó rọ̀ sórí ìyàwó télọ̀ tó gbé ọmọ jòjòló dání. Alhaji jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù ń bà mí láti gbójú sókè wo páànù tiwa.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá mi yóò dìbò nìyí, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo obìnrin náà wá ni. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọyẹ́ mú tó bẹ́ẹ̀ tí ètè mi fi là. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bẹ ẹlòmíràn.

"Ìyá Sìkírá, mo bẹ̀ ọ́. Ibi tí Alhaji ní ká fi í sí ni kó o fi í sí. Ìwọ náà kúkú rí télọ̀."

Ìyá mi ń wé gèlè. Wọ́n ní, "Mo gbọ́." Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ" ni òwe wọn, wọ́n á sì fà wá létí kó lè yé wa dáadáa.

Ilé ìwé la ti dìbò. Ọlọ́pàá wà lẹ́nu ọ̀nà tòun ti kóńdó, àwọn ọmọkùnrin tó ṣí páànù télọ̀ sì wà lódìkejì títì tàwọn ti igi lọ́wọ́. Wọ́n ń pariwo pé àpótí ìbò lójú, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣe níbẹ̀ tí Alhaji ò ní mọ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo di ìró ìyá mi mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sú akọ̀wé tó ń ṣètò ìbò, tó ní kí wọ́n máa mú mi wọlé.

Nígbà náà, a kì í tẹ ìka sórí ìwé bíi ti ìsinsìnyí. Wọ́n á fún ènìyàn ní ìwé pélébé kan, ó di ẹ̀yìn aṣọ ìkélé tí wọ́n ta. Àpótí méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n lẹ àmì ẹgbẹ́ mọ́ kálukú wọn, èyí tí ó bá wu ènìyàn ni yóò ju ìwé rẹ̀ sí. Mo ń wá ojú lára àpótí méjèèjì nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi bo ojú mi. Gbogbo ayé ṣókùnkùn, ó sì ń rùn bí èèpo obì. Nǹkan kan ń gbọ̀n níbi ojú mi, mo rò pé ìpéǹpéjú mi ni. Mo gbọ́ tí ìwé bọ́ sínú àpótí. Ìgbà tí a jáde síta ni wọ́n tó gbé ọwọ́ kúrò.

Ẹgbẹ́ Alhaji fìdí rẹmi ní àdúgbò wa. Lọ́jọ́ kejì tí ìròyìn náà dé, Alhaji ránṣẹ́ pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò bínú sí mi rárá. Ó bu búrẹ́dì gbígbóná fún mi, ó rẹ́rìn-ín, ó fà mí mọ́ra.

"Sìkírá, ọmọ dáadáa. Ìwọ lo bá ìyá ẹ wọlé, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àpótí wo ló ju ìwé ẹ̀ sí?"

Inú mi dùn. Wọ́n ti kọ́ wa nílé kéú pé ọ̀run àpáàdì ni ilé òpùrọ́, òótọ́ pọ́nńbélé ló sì wà lẹ́nu mi, òótọ́ tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

"Mi ò rí i, sà. Wọ́n fọwọ́ bò mí lójú."

Ẹ̀rín náà kò kúrò lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. "Ó fọwọ́ bò ọ́ lójú," ló tún wí. "Ẹni tó bá ṣe ohun tí a jọ sọ, kí ló fẹ́ fi pamọ́ fún ọmọ ẹ̀?" Búrẹ́dì di yanrìn lẹ́nu mi.

Ó ní kí wọ́n pe ìyá mi wá láti ìsọ̀. Wọ́n dé tòun tọwọ́ tútù, wọ́n kúnlẹ̀.

"Ìyá Sìkírá, àpótí wo?"

"Bàbá, wọ́n ní ohun tí kálukú bá ṣe lẹ́yìn aṣọ, tirẹ̀ ni."

"Mo ní àpótí wo?"

"Ẹ má bínú, sà."

Bàbá mi bẹ ìyá mi nínú yàrá wa pé kí wọ́n lọ sọ pé ti Alhaji ni, kódà bí kì í bá ṣe òótọ́. Ìyá mi kò lọ. Láti ìgbà náà, bí ẹyẹlé bá bà sórí páànù, ọkàn mi á já. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ilé ìwé dé, mo bá oòrùn lórí ẹní wa. Wọ́n ti ní kí ìyá mi má wá sí ìsọ̀ mọ́. A kó ẹrù wa lọ sí Dòpẹ̀mú lọ́dọ̀ ará ìlú bàbá mi kan, ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan gúgúrú àti ẹ̀pà tà fún àwọn onílọ́rì.

Mo ń retí pé wọ́n á nà mí. Wọn kò nà mí, wọn kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà rí, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù. Èmi fúnra mi ni mo ń wí i sínú pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó di ìgbà tí ìyá mi darúgbó, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ mi, kí n tó lè bi wọ́n pé àpótí wo ni.

"Ti Alhaji ni," ni wọ́n wí. "Òun ló gbẹ́ kànga fún àdúgbò. Mo rò ó, mo rí i pé ó dáa."

Ẹnu mi ò lè pa dé. "Ti Alhaji kẹ̀? Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún un, Màmá? Wọ́n mà ṣílé mọ́ wa lórí."

"Bí mo bá sọ fún un lọ́jọ́ yẹn, á tún bèèrè lọ́jọ́ mìíì. Yàrá ni mo háyà lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò fi inú mi sanwó ilé."

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Níbi ìdìbò tó kọjá, ọmọkùnrin kan dúró ti àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ gbé e sókè díẹ̀, ká rí ibi tẹ́ ẹ tẹ̀." Èmi ni mo ni ilé tí mò ń gbé, kò sí ẹni tó lè ṣí páànù mi. Síbẹ̀, mo gbójú sókè bí ẹni ń wo òrùlé, níta gbangba tí a wà. Mo ká ìwé mi, mo tún un ká, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé náà fi ń dún. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé ohun tó ń gbọ̀n lójú mi lẹ́yìn aṣọ ọjọ́sí, kì í ṣe ìpéǹpéjú mi. Ọwọ́ ìyá mi ni. Mo ju ìwé mi sínú àpótí, mo sì gba ọ̀nà ilé lọ.