Mọ́tò Tó Ń Kúnlẹ̀

Mọ́tò tí mo kọ́kọ́ rà nígbà tí mo jáde ní yunifásítì, owó rẹ̀ kò tó owó kéréètì ẹyin kan lónìí. Àwa márùn-ún la jọ ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ ní èbúté Àpápá, epo náírà kan a sì gbé wa fún ọjọ́ mẹ́ta. Báyìí, mọ́tò tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ni mò ń wà. Èmi nìkan ló ń gbé.

Afẹ́fẹ́ ló gbé mọ́tò yìí dúró, kì í ṣe sípíríǹgì. Páǹpù kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́. Bí mo bá ti pa á, á mí fììì, á sì rọra lọ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé ní Amukoko. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á gbọ́ fììì yẹn láti orí àga rẹ̀, á ní:

"Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ti kúnlẹ̀. Wọlé, ìwọ tí o kò lẹ́kọ̀ọ́."

Lóṣù tó kọjá, mọ́tò kúnlẹ̀, kò dìde mọ́. Jímọ̀ méjì kọjá. Orúnkún mi kò gba kí n máa wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo sì pe fóònù ọ̀rẹ́ mi títí, kò lọ. Ní ọjọ́ orí wa, bí fóònù ẹnì kan kò bá lọ, ọkàn ẹni kì í balẹ̀.

Mo ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì kan ní Ajégúnlẹ̀. Ó gbé mọ́tò sórí jáàkì, ó fi igi tì í lábẹ́, ó yọ táyà, ó ṣí ike tó bo páǹpù, ó já wáyà rẹ̀. Nígbà tó tú páìpù, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù jáde. Fììì. Ó tú bọ́ọ̀tì mẹ́ta, ó sì gbé páǹpù náà lé mi lọ́wọ́. Kò wúwo ju ọmọ tuntun lọ. Omi ń kán lẹ́nu rẹ̀.

"Dádì, ó ti kú. Omi ló mu yó."

"Kò ṣeé tún ṣe?"

"Ṣé kí n fi páǹpù tòkunbọ̀ tàn yín ni? Kò ní pẹ́ tá á tún fi kúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi sípíríǹgì sí i, á dúró gbọin bíi sójà."

"Ó máa ń kí èèyàn tẹ́lẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Dádì, ṣé ìkíni lẹ fẹ́ ni àbí ẹ fẹ́ jáde?"

Mo fẹ́ jáde.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, mo pa mọ́tò sẹ́nu ọ̀nà ọ̀rẹ́ mi. Kò mí. Ó wà lórí àga rẹ̀, láàyè, ó kọjú sí mi.

"Ẹ káàsán o. Ta lẹ ń wá?"

Láti ìgbà tí a ti mọra, kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí. Mo bá fi ẹnu mí fììì, mo sì tẹ orúnkún tó ń dùn mí yìí díẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Òpònú! Mo rò pé o ti bá wọn lọ ni."

"Fóònù ẹ ńkọ́?"

"Ó bọ́ sómi."

Lẹ́yìn náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwa márùn-ún tí a jọ ń lọ sí Àpápá. Èyí tó máa ń kọrin nínú mọ́tò ti lọ. Èyí tó máa ń sùn lẹ́yìn ti lọ. Èyí tó máa ń jókòó níwájú tẹ̀lé wọn, kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn ikú ìyàwó mi. Èyí tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ ti mọ́tò bí kò bá fẹ́ gbéra wà níwájú mi, ó ń fi etí wá mi. Èmi tí mo ń wà á náà wà.