Kòkó Bàbá Morẹ́nikẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń gba Òdòdé, ní Ìdànrè wa, kọjá nígbà tí òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì gbá mi nímú. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ńṣe ni mo dúró tí mo ń fa òórùn náà símú, tí inú mi ń dùn bíi ti ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Morẹ́nikẹ́ ni ọ̀rẹ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akin ló pa bàbá rẹ̀ níbi ìjà ààlà oko, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n. Nígbà tí ìròyìn kàn pé wọ́n ti dá a sílẹ̀, pé ó ń bọ̀ wá sí Ìdànrè, ara wa ò gbà á mọ́. A kó òkúta sápò yunifọ́ọ̀mù, a sáré lọ síbi tí mọ́tò Àkúrẹ́ ti ń já èrò. Òǹrorò ńlá kan ni mo ń retí. Ọkùnrin tín-ín-rín kan ló bọ́ sílẹ̀, ó ń kí gbogbo èèyàn, títí kan àwa ọmọdé.

Àwọn àgbà ní kó kọrí sí Ofosu, kò gbọdọ̀ sùn nílùú. Òkúta àkọ́kọ́ ti fò nígbà tí ìyá Morẹ́nikẹ́ dé pẹ̀lú sùtánà funfun rẹ̀, láìwọ bàtà.

Ó ní, "Bí ẹ bá lé e, ta ni yóò bá mi ṣe oko ọkọ mi? Ó ti ṣẹ̀wọ̀n ìjọba. Ẹ jẹ́ kó wá ṣe tèmi níṣojú yín, títí ọmọ yìí á fi jáde ìwé."

Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú. Inú bí èmi náà, torí òkúta mi ló dáa jù, mi ò sì rí i jù.

Bí Akin ṣe di ẹni tó ń fọ́ kòkó wọn, tó ń sá a nìyẹn. Morẹ́nikẹ́ kì í bá a sọ̀rọ̀. Bí Akin bá kí i, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú lójijì, a ò rí orí òkè mọ́. Owó aṣọ àti ìwé sẹ́kọ́ńdírì Morẹ́nikẹ́ wà nínú kòkó tí wọ́n sá síta yẹn. Gbogbo agbolé tú jáde. Agbọ̀n, abọ́, ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá la fi ń kó o, a ń sáré kọlu ara wa, ó sì ń dùn mọ́ wa. Afẹ́fẹ́ wá fẹ́ gbé tapólì tí a fi bo èyí tó kù lọ. Morẹ́nikẹ́ di etí kan mú, kò rí ẹni di ìkejì.

Ó kígbe, "Bọ̀ọ̀dá Akin, ẹ di etí ọ̀hún mú!"

Akin dì í mú. Àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ lé tapólì náà, òjò ń nà wọ́n, èmi ń fò sókè, mo ń pàtẹ́wọ́. Kòkó ò tutù.

Lónìí, bí ọwọ́ bá tẹ ọ̀daràn, táyà ni wọ́n ń wá, àwọn ọmọ á sì máa fi fóònù yà á. Mo mọ bó ṣe ń dùn tó, torí òkúta ti wà lápò mi rí.

Níbi tí mo dúró sí yẹn, mo pe Morẹ́nikẹ́ l'Ékòó, níbi tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Mo bi í bóyá ó ti dárí ji Akin, tó ti kú tipẹ́.

Ó ní, "Rárá o. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n lé e lọ sí Ofosu lọ́jọ́ yẹn, ta ni ì bá bá mi di etí kejì mú?"