Èèpo Ìrẹsì Tí Mo Ní Kí Ìyá Mi Dà Nù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwé tí mo kà fi ojú ìyá mi rí. Ó ti pẹ́. Ó ku ọdún díẹ̀ kí òmìnira dé, nígbà tí Okokomaiko ṣì jẹ́ igbó.

Bàbá mi ti kú. Àkùrọ̀ kan ṣoṣo ní Ìbà ni ẹbí rẹ̀ fi sílẹ̀ fún ìyá mi, kó máa gbin ìrẹsì síbẹ̀, kó fi tọ́ wa. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ọdún tí oko náà bá bàjẹ́, àwọn á gbà á padà.

Ìyá mi ní àṣà kan. Tó bá ti lu ìrẹsì, tó gún un, tó fẹ́ ẹ tán, kì í da èèpo àti koríko rẹ̀ nù. Á kó o sínú agbọ̀n, á rù ú padà sí àkùrọ̀, á fọ́n ọn ká, á sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ẹrẹ̀. Èmi àti òun la jọ ń rù ú. Tí mo bá bi í léèrè ìdí, á ní, "Ilẹ̀ náà ń jẹun." Ó parí!

Nígbà tí mo jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Tíṣà ń ru pàǹtí kọjá níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀? Ká má rí i! Mo sọ fún ìyá mi pé ìwà ará oko ni, pé àjílẹ̀ funfun bí iyọ̀ tí àwọn ará ágíríkì ń tà ti tó.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Màmá."

"Ó dáa. Èmi ò kàwé."

Àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, ní àkùrọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Òun ló kọ́kọ́ yìn mí. "Tíṣà wa! Ọpọlọ lo fi ń rìn!" Ó wá ní ká máa kó pàǹtí náà fún òun, òun á máa fi dáná. Mo tún ń dúpẹ́ pé ó bá wa kó ẹ̀gbin kúrò. Ta ló gọ̀ tó mi?

Ọdún kìíní, ìrẹsì wa ga, ó tutù yọ̀yọ̀, mo sì ń yangàn. Ọdún kejì, àbàwọ́n yọ sára ewé rẹ̀. Ọdún kẹta, nígbà tó kù díẹ̀ kó gbó, ìjì kan ṣoṣo jà. Nígbà tí a débẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ sínú omi bí ẹní.

Ti Bàbá Kékeré ńkọ́? Ó dúró ṣánṣán! Mo bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀. Èèpo ìrẹsì wa rèé nínú ẹrẹ̀.

"Bàbá, ṣebí ẹ ní ẹ ń fi dáná ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé èmi ni mo ní kí ẹ dà á nù? Ìyá bàbá rẹ ló kọ́ èmi àti ìyá rẹ pé ká máa dà á padà sínú ilẹ̀. Ìwọ lo ní ó ti di pàǹtí."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi pe ẹbí jọ, tó ní obìnrin ò lè tọ́jú ilẹ̀ àwọn baba òun. Ìyá mi kúnlẹ̀: "Ọkọ mi, ẹ fún mi ní ọdún kan péré." Àjà ni ọkùnrin náà ń wò. Wọ́n gba àkùrọ̀ lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n fún Bàbá Kékeré.

Ìgbà tó yá ni mo tó kà á nínú ìwé pé ohun kan wà nínú yanrìn tí wọ́n ń pè ní sílíkọ́nì. Ìrẹsì ń fà á mu láti inú ilẹ̀, òun ló ń mú kí igi rẹ̀ le, tí àrùn kì í fi í tètè ràn án. Òun náà ló ń jẹ́ kí ewé ìrẹsì máa gé wa lápá. Inú koríko àti èèpo ló pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá ń kó wọn kúrò lóko, tó wá ń da àjílẹ̀ funfun nìkan síbẹ̀, ìrẹsì rẹ̀ á ga, kò ní lágbára.

Mo sáré lọ ṣàlàyé fún ìyá mi. Ìrẹsì kóńgò kóńgò ló ń rà lọ́jà jẹ nígbà yẹn. Ó gbọ́ mi títí, ó ní, "Ṣé ìwé náà sọ bí wọ́n ṣe ń gba ilẹ̀ padà?" Kò mẹ́nu bà á mọ́ títí tó fi kú.

Ẹ̀yin ọmọ Bàbá Kékeré tí ẹ ti kọ́lé sórí àkùrọ̀ náà, ẹ máa bínú sí ohun tí mo kọ. Olè ni bàbá yín. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ní kí ìyá mi dà á nù. Èmi ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, kí ẹ tó sọ fún ìyá yín pé ohun tó ń ṣe ti di àtijọ́, ẹ wádìí rẹ̀ ná. Ta lẹ̀yin náà ti gbà nímọ̀ràn rí, tó wá di àbámọ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí. Ẹ má fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú rẹ̀.