Ẹni Tí Yóò Tan Àbẹ́là ní Bobè

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, Déborah ti fọ aṣọ funfun mẹ́rin, ó sì ti sá wọn sórí okùn lẹ́yìn ilé ìjọsìn Bobè. Aṣọ tirẹ̀ ni ọ̀kan, ti Alice aránṣọ ni èkejì, ti àwọn ìyá arúgbó méjì kan sì ni méjì yòókù. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, okùn mẹ́ta kì í gba aṣọ ìjọ náà tán. Erùpẹ̀ pupa Bobè kò mọ ojú aṣọ funfun: bí ènìyàn fi ọṣẹ gbo ó, tí ó fi búlù sí i, etí rẹ̀ yóò ṣì pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí ti ń bá erùpẹ̀ jà. Kò ṣẹ́gun rẹ̀ rí, kò sì túúbá fún un.

Gàrí dídín ni iṣẹ́ rẹ̀. Èéfín ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, ìbàdí rẹ̀ kì í sì í dìde lórí àpótí láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Àìsàn Élie, àkọ́bí rẹ̀, ni ó gbé e dé inú ìjọ aláṣọ funfun. Ọmọ náà yè, ìyá rẹ̀ sì dúró. Ọkọ rẹ̀ ni ó la pákó tí wọ́n fi ṣe ọgbà pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ni kajú kọ̀ tí kò so bí ti àtijọ́, tí àwọn ọkùnrin gba Nàìjíríà lọ wá iṣẹ́, tí Élie bá wọn lọ. Ọkọ rẹ̀ kú. Àwọn tí ó ṣẹ́kù wá ìjọ tí ó ní gbohùngbohùn lọ sí Bantè. Obìnrin mẹ́rin péré ni ó kù.

Obìnrin kì í sì í kọjá ọgbà pẹpẹ nínú ìjọ wọn. Ọkùnrin tí a ti fi òróró yàn ni ó ń tan àbẹ́là méje. Bí àbẹ́là kò bá tàn, ènìyàn lè kọrin, ó lè gbàdúrà, ṣùgbọ́n a kò ní pè é ní ìsìn. Ésaïe, àgbẹ̀ kajú ará Akpassi, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ni ẹni òróró kan ṣoṣo tí ó ṣì ń wá. Kẹ̀kẹ́ ni ó máa ń gùn. Láti ìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti wú, ọjọ́ ìsinmi méjì ti lọ tí àbẹ́là kò tàn. Àwọn àgbà ìjọ ní Savalou sì ti ránṣẹ́: bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa, kí wọ́n kó ohun èlò pẹpẹ lọ sí Bantè.

"Ìyá Élie, ẹ jẹ́ kí á tan án fúnra wa," ni Alice wí bí ó ti ń ká aṣọ. "Ta ni yóò mọ̀ ní Savalou?"

"Ìwọ tí o mọ̀ yìí, o kì í ṣe ènìyàn ni?"

"Mo lè gbàgbé."

"Adìyẹ rẹ tí ó sọnù lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, títí di òní lo ṣì ń dárúkọ ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ti Ọlọ́run ni o wá fẹ́ gbàgbé?"

Alice rẹ́rìn-ín. Déborah kò rín. Òun náà ti ro ọ̀rọ̀ yẹn ṣáájú Alice, ìtìjú rẹ̀ ni ó sì mú kí ohùn rẹ̀ le.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí Imorou, tí ń fi alùpùpù gbé èrò, gbé òun lọ sí Akpassi. Òjò ti la ọ̀nà bí ẹni ń la ẹja.

"Màmá," ni Imorou ké láti iwájú, "gbogbo ìjọ, ọkùnrin kan! Bí ó bá ṣe iná lásán ni, mo ní ìṣáná lápò."

"Ìwọ tí ò ń kírun ní mọ́sálásí? Wa alùpùpù rẹ, jàre."

"Iná ò mọ mọ́sálásí o!"

Wọ́n bá Ésaïe ní ìdí ògiri, ó na ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ewé wé. Ìyàwó rẹ̀ ti di ẹni ilẹ̀; ọmọ àbúrò rẹ̀ ni ó ń ro oko rẹ̀.

"Ìyá Élie, ẹ kú ìrìn. Ẹ padà sílé. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà, Bàbá."

"Kí wọ́n kó ohun èlò pẹpẹ náà lọ sí Bantè. Ṣé Ọlọ́run kò sí ní Bantè ni?"

Déborah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí pé ìbàdí rẹ̀ kò gbà á mọ́. "Ó wà ńbẹ̀," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n àwọn ìyá méjì yẹn kò lè dé ibẹ̀, èmi náà kò sì ní lè máa dé ibẹ̀. Bí a bá ti ilẹ̀kùn Bobè, inú ilé ni kálukú yóò máa dá kúnlẹ̀ sí títí yóò fi kú."

Ésaïe wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n mú sùtánà, aṣọ funfun òun, wá.

Wọ́n gbé e sí àárín lórí alùpùpù, Déborah sì jókòó lẹ́yìn, ó di bàbá náà mú ní ìbàdí. Ní gbogbo ibi tí kòtò bá wà, bàbá náà ń kérora, Imorou sì ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé òun ni ó gbẹ́ kòtò náà.

Ní Bobè, nígbà tí Ésaïe bọ́ bàtà tí ó sì fi ọ̀pá tẹ̀ dé ẹ̀yìn ọgbà pẹpẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ìṣáná mẹ́ta kú lọ́wọ́ rẹ̀, àbẹ́là kan kò tàn. Déborah dúró létí ọgbà, ìṣísẹ̀ kan péré ni ó kù dé ọ̀dọ̀ bàbá, kò sì gbọ́dọ̀ gbé e. Ó sáré jáde, ó gbé àpótí tí ó fi ń jókòó dín gàrí wá, ó kúnlẹ̀, ó sì tì í gba abẹ́ pákó náà títí ó fi kan ẹsẹ̀ bàbá. Ésaïe jókòó. Ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, ó sì ń tàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń sinmi láàárín wọn. Àwọn obìnrin kọ orin kan náà ní àkọtúnkọ kí àbẹ́là keje tó tàn. Ní ẹnu ọ̀nà, Imorou ti bọ́ fìlà.

Lẹ́yìn ìsìn, Déborah tẹ àwọn àgbà Savalou láago pé àbẹ́là tàn. Nígbà tí ó yíjú padà, Ésaïe kò tíì dìde.

"Kòtò yẹn, n kò lè là á kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i," ni ó wí. "Yàrá tí ẹ ń kó àga kíkán sí lẹ́yìn yìí, ó ha ń jò bí?"

"Igun kan ni ó ń jò, Bàbá."

"Igun kan kò tó pa mí. Mo dúró."

Déborah kò hó, kò yọ̀. Ẹnu kan tún kún un láti bọ́, ẹsẹ̀ wíwú kan tún kún un láti wé. Ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àga kíkán náà jáde, ó sì pe Imorou kí ó tó tan alùpùpù rẹ̀: kí ó padà sí Akpassi, kí ó gbé ẹní bàbá wá, kí ó má sì gbàgbé ewé tí wọ́n fi ń wé orúnkún.