Kóòṣì Tí Kò Wọ Bàtà Yìnyín Rí

Góòlù tí Dàpọ̀ kò jẹ́ kó wọlé lọ́dún 1983 ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ. Ẹgbẹ́ họ́kì kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ń bá àwọn ọmọ Dallas figagbága lórí yìnyín tó wà nínú mall kan ní òpópónà Westheimer. Ó ku díẹ̀ kí eré parí, ayò kan péré ni ẹgbẹ́ Dàpọ̀ sì fi ń borí. Ọmọ Dallas kan tó ga bí òpó iná já gba àárín wọn kọjá, ó ku òun àti Dàpọ̀ tó jẹ́ kípà, ó gbé ọ̀pá sókè. Àsìkò yẹn gan-an ni Alàgbà Babáwálé ti ìjọ Aládùúrà wọn ṣí ilẹ̀kùn wọlé tòun ti sùtánà funfun, láìwọ bàtà, nítorí láti ibi ìsìn ló ti ń bọ̀ tààrà. Dàpọ̀ rí àgbà. Ara rẹ̀ ò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lẹ́nu góòlù: "Ẹ káalẹ́ o, sà!" Páàkì, ìyẹn róbà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, bà á ní ìhà, ó sì dúró síbẹ̀.

Kóòṣì àwọn ará Dallas fò dìde, ó ní irú ọgbọ́n wo nìyẹn. Kóòṣì Ọládọ̀tun Adéolú, tó ń kọ́ àwọn Dàpọ̀, tún fìlà rẹ̀ ṣe. "A máa ń kọ́ wọn láti kékeré ni," ó ní. Wọ́n ní ará Dallas náà bẹ̀ ẹ́ kó wá kọ́ tòun náà.

Ìgbà mẹ́ta ni Olúbùkọ́lá gbọ́ ìtàn yìí lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan ṣoṣo, kò sì dọ́gba nígbà kankan. Nínú ti àkọ́kọ́, Alàgbà dá nìkan wọlé. Nínú ìkejì, ó kó ẹgbẹ́ akọrin lẹ́yìn. Nígbà tó di ìkẹta, Alàgbà ti ń mì agogo.

Ọdún 1987 nìyẹn. Ọjọ́ Tuesday tó ṣáájú ni Kóòṣì, tí í ṣe bàbá rẹ̀, kú, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì ti kún ilé wọn ní Mission Bend débi pé àwọn kan jókòó sórí àtẹ̀gùn. Olúbùkọ́lá ń kọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì kan ní Third Ward, kò sì gba ohun tí kò bá lẹ́rìí gbọ́. Òun ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀ ní ìsìn ìdágbére lọ́jọ́ Saturday. Ó ti búra pé òtítọ́ nìkan lòun yóò sọ níbẹ̀, ìyọnu rẹ̀ sì ni pé kò ní ọ̀kan lọ́wọ́. Kò dé ibi yìnyín náà rí. Ìrọ̀lẹ́ Saturday tí wọ́n ń gbá họ́kì ni ẹgbẹ́ akọrin tó ń bá kọrin ń pàdé.

"Mọ́mì, mi ò ní sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀," ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ ní kíṣìnnì. "Irọ́ tí Dádì pa tó gbogbo ìdílé wa lò."

"Bàbá ẹ ò purọ́ rí," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Iyọ̀ ni wọ́n máa ń fi sí i."

Ó wá jókòó sáàárín àwọn àlejò, ó ní kí wọ́n jẹ́ káwọn bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Báwo ni olùkọ́ ìṣirò láti Iléṣà ṣe di kóòṣì họ́kì orí yìnyín?

Anthony ló dá a lóhùn, ọmọ Third Ward tó ṣe kápútẹ́ẹ̀nì ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, àmọ́ ó ti gba ìkíni àti èébú Yorùbá lọ́wọ́ Kóòṣì ní ìwọ̀n kan náà. Ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì sọ pé ẹgbẹ́ tí kò bá ní olùkọ́ kan lórí kò gbọdọ̀ gbá nǹkan kan. Gbogbo olùkọ́ sá fún wọn. Kóòṣì nìkan ló ní òun gbá họ́kì nígbà tóun wà níléèwé, lórí koríko.

"Mo ní, 'Sir, orí yìnyín ni tiwa.' Kóòṣì wò mí. Wọ́n ní, 'Yìnyín kì í ṣe omi ni? Ṣé omi ni mi ò rí rí?'"

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wọ súẹ́tà méjì lórí ara wọn, ó dé fìlà abetí ajá, ó fa etí méjèèjì bo etí tirẹ̀, ó sì fi bàtà ṣọ́ọ̀ṣì tẹ yìnyín. Kò rìn jìnnà. Bó ṣe ṣubú, àwọn ọmọ sáré lọ gbé e, ó na ọwọ́ dá wọn dúró. "Ẹ wo ibi tí mo jókòó sí yìí dáadáa," ó ní. "Ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ ti máa gbé bọ́ọ̀lù fún ara yín nìyí." Gbogbo ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ló fi ìdí kọ́ wọn.

Láti ọjọ́ yẹn kò tún tẹ yìnyín mọ́ bí kò bá sí ìdí, kò sì ti ẹsẹ̀ bọ bàtà onírin tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí rẹ̀ títí tó fi kú. Ẹni tó bá bi í léèrè á gbọ́ ìdáhùn kan náà: "Ẹni tó ń kọ́ ẹṣin ní eré, ṣé ó ní pátákò?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ wòran ńkọ́?" Olúbùkọ́lá bi Sẹ̀kínát, nọ́ọ̀sì tí ohùn rẹ̀ máa ń bo gbogbo mall. "Kí lẹ rí nínú họ́kì?"

"Ṣé kí n sọ òótọ́?"

"Òun ni mò ń wá, Àǹtí."

"Ooru ni. A/C apartment wa ní Gulfton kú lóṣù kẹfà, ó di oṣù kẹwàá, ẹni tó nilé ò yọjú. Kóòṣì ní, 'Ẹ máa bọ̀, òtútù wà lọ́dọ̀ wa.' A kó ọmọ, a kó bùláńkẹ́ẹ̀tì. A ò mọ ẹni tó ń borí, àmọ́ a sùn."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ló tẹ̀ lé e. Nínú họ́kì, ẹni tó bá ṣẹ̀ máa ń lọ jókòó fúngbà díẹ̀ nínú àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Kóòṣì ò fara mọ́ ọn. Ó ní wọn ò lè ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé kí ará ilé ẹ̀ má bẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n ṣe ń rán ọmọ lọ, bẹ́ẹ̀ ni Kóòṣì ń gbé kúlà mọ́ínmọ́ín tẹ̀ lé e. Rẹfirí lé e títí ó sú u. Anthony jẹ́wọ́ pé nígbà tó yá, àwọn kan ń dìídì ṣẹ̀, pàápàá lọ́jọ́ tí mọ́ínmọ́ín bá ní ẹja nínú.

"Ìyẹn ò tó ti ọjọ́ ìjà," ni Sẹ̀kínát wí, ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó bẹ̀rẹ̀. Òun àti Anthony ló jọ sọ ìtàn náà. Anthony fúnra rẹ̀ àti ọmọ Oklahoma kan wọ̀yá ìjà. Gbogbo ayé mọ̀ pé nínú họ́kì, wọ́n máa ń fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n lu ara wọn tẹ́rùn ni. Kóòṣì ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó di ògiri mú, ó ń rọra tẹ yìnyín bí ẹni ń tẹ ẹyin, ó dé àárín wọn.

"Ta lẹ̀gbọ́n nínú yín?"

Wọ́n dáwọ́ ìjà dúró. Ẹnìkan ò bi wọ́n ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

"Mo ní oṣù wo ni wọ́n bí yín!"

Oṣù kẹta ni ti Anthony, oṣù karùn-ún ọdún kan náà sì ni ti ọmọ Oklahoma. Kóòṣì kọjú sí èyí tó kéré. "Ìwọ lo jẹ̀bi. Bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ." Ọmọ náà, tó sanra tó fìríìjì, wo kóòṣì tirẹ̀, ó wo rẹfirí, kò rí olùgbèjà. Ó bẹ Anthony. Kóòṣì wá yíjú sí Anthony: "Ìwọ àgbà tó ń bá ọmọdé jà, ojú ò tì ẹ́?" Títí dòní, káàdì Kérésìmesì ọmọ Oklahoma yẹn ń dé ilé Anthony, "ẹ̀gbọ́n mi" ló sì ń pè é nínú rẹ̀.

"Ṣé ẹ tiẹ̀ máa ń borí?" Olúbùkọ́lá béèrè.

Àwọn kan wo òrùlé.

"Kóòṣì ò gbà pé a pàdánù rí," Anthony ní. "Wọ́n máa ń ní a sún un síwájú ni."

"Títí dìgbà wo?"

"A ṣì ń sún un."

Ẹ̀rín sọ nínú ilé, Olúbùkọ́lá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò tíì ba ohun tó ń wá. Gbogbo èyí dùn, kò sì sí èyí tó lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí nínú ilé Ọlọ́run. Ó dìde, ó gbé abọ́ ṣinṣín, ó nà án sí Dàpọ̀ tí kò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Bùkọ́lá!" Ìyá rẹ̀ kígbe láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. "Ọwọ́ wo lo fi ń fún àlejò ní nǹkan?"

Ó tètè wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ igbe yẹn, nídìí oúnjẹ, ní Sunday school, lọ́dọ̀ gbogbo àgbà tó wọlé wọn. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ń bá a wí, àwo oúnjẹ ni bàbá rẹ̀ máa ń wò, kì í sọ nǹkan kan. Ó ti gbà láti ọjọ́ pípẹ́ pé ojú ló ń tì í nítorí òun. Ó fẹ́ pààrọ̀ ọwọ́, ṣùgbọ́n Dàpọ̀ ti fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́ náà, ó sì ń wo ọwọ́ ọ̀hún bí ẹni rí ọba.

"Ọwọ́ náà rèé," ó ní. "Ẹ̀yin gan-an ni Bùkọ́lá?"

Dàpọ̀ dàgbà jù ú lọ dáadáa, ó sì ń fi "ẹ̀yin" pè é.

"Èmi ni. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú jìn mí. Mo ti ń bínú yín láti 1982." Ẹ̀rín gba ilé kan. "Ẹni tó bá ti fi góòlù ṣòfò, Kóòṣì á mirí. Wọ́n á ní, 'Bùkọ́lá ọmọ mi ò ní pàdánù ìyẹn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ yẹn! Ẹ ò tíì rí ọwọ́.' Lójoojúmọ́!"

"Wọ́n ní o gbá bọ́ọ̀lù kan tó ré kọjá òrùlé," Sẹ̀kínát fi kún un.

"Ó dé freeway ni wọ́n sọ fún wa," Anthony ní. "Ṣé òótọ́ ni?"

Gbogbo wọn kọjú sí i. Olúbùkọ́lá ò tẹ yìnyín rí láyé rẹ̀. Ó sì ku díẹ̀ kó sọ bẹ́ẹ̀ kó tó rántí ọjọ́ kan, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tí bàbá rẹ̀ gbé ọ̀pá họ́kì tí òun fúnra rẹ̀ lò níléèwé fún un lẹ́yìnkùlé. Ọwọ́ òsì ló fi dì í mú. Ó dúró de ìbáwí. Ìbáwí ò wá.

"Kò dé freeway," ó ní. "Ó fo ọgbà. Fèrèsé aládùúgbò ló fọ́."

"Fèrèsé nìkan?" Ojú Dàpọ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Ọwọ́ òsì ni mo fi gbá a."

"Mo sọ fún yín!" Anthony kígbe, ó lu itan. Ariwo tó sọ nínú ilé yẹn mú kí aládùúgbò yọjú.

Lọ́jọ́ Saturday, pásítọ̀ na makirofóònù sí Olúbùkọ́lá. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó sì gbé e sí ọwọ́ òsì. Ìyá rẹ̀ tó jókòó níwájú rí i. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé.

"Bàbá mi sọ ohun púpọ̀ tí mi ò lè jẹ́rìí sí," ó bẹ̀rẹ̀. "Èyí tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé mo fọ́ fèrèsé onífèrèsé nígbà tí mo wà ní kékeré. Dádì lọ bẹ onílé. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọn ò bá mi wí, wọn ò sì ní kí n pààrọ̀ ọwọ́. Wọ́n wá bọ́ọ̀lù mìíràn, wọ́n gbé e síwájú mi. Wọ́n ní, 'Tún un gbá.'"

Láti ẹ̀yìn ìjọ, ẹnì kan kígbe pé "Góòlù!" Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.