Nọ́ńbà Pupa Inú Pálọ̀

Òórùn kẹrosíìnì àti ti ẹyin tó ń móoru ló máa ń kí ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀yọ́. Àpótí ńlá kan wà níbẹ̀ tí sítóòfù ń mú gbóná, tí ẹyin fi ń di òròmọdìyẹ láìsí àgbébọ̀ tó sàba lé wọn. Òun ni ìyá mi fi ń tọ́ wa.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná mànàmáná ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbé pátákó kékeré kan wálé. Kóńpútà tí kò tóbi ju èékánná lọ ló wà lórí rẹ̀. Ó ti wáyà kan bọ inú àpótí ẹyin láti máa wọn ooru, ó sì fa òmíràn wá sí pálọ̀, níbi tí nọ́ńbà pupa ti ń tàn.

"Màámi, ẹ ò ní máa sáré wọlé sáré jáde mọ́," ni ó wí. "Fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi iye ooru ránṣẹ́. A ò ní í bi í."

Inú wa dùn púpọ̀. Nọ́ńbà ni à ń wò, a kì í wo ẹyin mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ mú bàsíà ní yàrá náà, òtútù sì kọ lù mí. Sítóòfù ti kú. Mo sáré padà sí pálọ̀: mẹ́tàdínlógójì, bó ṣe yẹ kó rí gan-an. Mo padà sí yàrá, òtútù. Mo padà sí pálọ̀, mẹ́tàdínlógójì. Ọ̀rẹ́ mi, mo gbọ́wọ́ lé iwájú orí ara mi, mo rò pé ibà ló fẹ́ mú mi. Mo pe ìyá mi. Ó gbé ẹyin kan lé ìpéǹpéjú rẹ̀ láti mọ bó ṣe gbóná tó, ó sì lọ wo nọ́ńbà náà.

"Ṣé ojú mi ni, àbí ara mi?" ni ó bi mí.

A tún sítóòfù tàn. Ní ọjọ́ kejì mo wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ mú ẹ̀gbọ́n mi wá. Ó fa wáyà tó ń wọn ooru yọ pátápátá. Nọ́ńbà ṣì ń tàn, kò yí padà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

"Kò yé mi," ni ó ń sọ ṣáá.

Ó pẹ́ kí ó tó rí ìdí rẹ̀. Apá tó ń wọn ooru nínú kóńpútà náà ti dákú, ṣùgbọ́n apá tó ń ránṣẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá bá nílẹ̀ ni yóò gbé, tí yóò máa tò ó sórí wáyà lẹ́yọ lẹ́yọ, láìsinmi.

"Kò parọ́, Màámi. Ohun tó gbọ́ kẹ́yìn ló ń sọ."

Ìyá mi wò ó, ó mi orí. "Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyin ńkọ́?"

Díẹ̀ nínú wọn ló di òròmọdìyẹ. Àwọn tó kù, a kó wọn lọ sin sí ẹ̀yìn ilé, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi ẹni tí mo yẹ kí n bínú sí. Títí dòní, n kò tíì mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ìyá mi darúgbó, bí mo bá pè é lórí fóònù, "Dáadáa ni mo wà" ni yóò máa sọ, ohùn kan náà, lójoojúmọ́. Ọkàn mi kì í balẹ̀. N kò mọ̀ bóyá bí ara rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà ló ń sọ ni, tàbí ọ̀rọ̀ náà ló kàn ti mọ́ ọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, mo kàn wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ láìsọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ní dáadáa ni òun wà. Mo gbọ́wọ́ lé e níwájú orí. Ó ń jó bí iná.