Àbímọ́ Kọ́, Àpá Ni

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àǹtí Awò ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́ ibùdókọ̀. Èmi tí mò ń tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ bi. Àwo irin kan àti ìdì bébà ìnùdí ló wà lórí tábìlì rẹ̀, awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi sì so mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹnì kan tó ń tún aago ṣe ló gbàgbé awò náà sínú ilé ìgbẹ́, kò sì padà wá. Àǹtí fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó so ó mọ́ ọrùn, bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn.

Kò sí kọ́ìnì tó bọ́ sínú àwo rẹ̀ tí kì í fi awò wò. Ó ní níbi tí wọ́n ti ń ṣe kọ́ìnì jáde, òǹtẹ̀ lè yẹ̀, kí lẹ́tà di méjì-méjì, àwọn olówó tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ a sì fi owó gọbọi ra irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ọkọ̀ tẹ̀, tàbí tí iná jó, kò ju kọ́ìnì lásán lọ. “Àbímọ́ là ń wá,” ló máa ń wí, “kì í ṣe àpá.” Agolo mílíìkì kan wà lábẹ́ tábìlì, àwọn alápàá ló kún inú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ọkọ àbúrò rẹ̀ dé. Ilé alágbàfọ̀ ni ọkùnrin náà ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Ìgbín là ń pè é, torí ó sin ìgbín rí, ìgbín sì sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ wọlé lọ ṣe gáà lọ́fẹ̀ẹ́, bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó tú áńkáṣíìfù sórí tábìlì. Kọ́ìnì kan ló wà níbẹ̀, tí etí rẹ̀ nípọn, tó ká wọnú yíká-yíká.

“Àǹtí, ẹ bá mi wo eléyìí. Mo rí irú rẹ̀ lórí fóònù. Ẹni tó tà á ti fi ra mọ́tò.”

Ó ní òun máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ kọ́ìnì wò, tí wọ́n ń fún un ní máàkì bí ọmọ ilé ìwé, tí wọ́n á sì tì í mọ́nú ike. Owó iṣẹ́ wọn ga. Òun ti rí ẹni tó máa ra ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó òun, aago mẹ́rin ló ń bọ̀ wá gbé e. Ìyàwó ti gbà, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti lè sọ pé kọ́ìnì náà dára.

Inú bí mi débi pé mo kan ìṣó gba ojú bàtà oníbàtà. Ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n fi ń jẹun nígbà tí ìgbín ń sá.

Àǹtí gbé awò sójú. “Níbo lo ti rí i?”

“Níbi iṣẹ́.”

“Nínú kí ni?”

Ọ̀gá Ìgbín họ orí. “Ó há sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ.”

“Ọdún mélòó lo ti ń tún ẹ̀rọ yẹn ṣe?”

“Méjìlá.”

Àǹtí da agolo rẹ̀ sórí tábìlì. Irú kọ́ìnì yẹn gan-an mẹ́sàn-án ló yí jáde, gbogbo wọn ṣe ètè ńlá. “Àwọn tẹ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń fi wọ́n sanwó fún mi. Ẹ̀rọ yín ló ń yí i títí etí rẹ̀ fi ń ká. Bó o bá fi ránṣẹ́, wọ́n á gba owó ẹ, wọ́n á ní ó fara pa.”

Ojú tì í, ló bá sọ ọ́ di ìbínú. “Owó la fi ń pe owó, Àǹtí.”

“Bó bá gbọ́ ìpè.”

“Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n tó báyìí, kí ló dé tí ẹ ṣì ń ta bébà ìnùdí?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Àǹtí ò bínú. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ kọ́ìnì kan, ó tì í sábẹ́ awò fún un. Nígbà tó wò ó tán, èmi náà sún mọ́ ọn wò. Gbogbo lẹ́tà ara rẹ̀ ló jẹ́ méjì-méjì, ó mọ́ kedere.

“Ọdún tí mo débí ni mo rí i,” ni Àǹtí wí. “Oṣù mọ́kànlá ni mo fi tu owó onímáàkì jọ. Ọ̀sẹ̀ tó pé ni ìyàwó ẹ parí ẹ̀kọ́ ìránṣọ, kò sì ní ẹ̀rọ.”

Mo bi Àǹtí pé kí ló dé tí kò tún tu owó mìíràn jọ.

“Mo ṣírò ẹ̀ lẹ́yìn náà. Ká tiẹ̀ ní wọ́n fún un ní máàkì tó ga jù, díẹ̀ báyìí ni iye tí wọ́n máa rà á ì bá fi ju owó iṣẹ́ wọn lọ. Ẹ̀rọ ti rán aṣọ fún gbogbo àdúgbò.”

Ọ̀gá Ìgbín yọ fóònù, ó ní kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ má wulẹ̀ wá mọ́. Lẹ́yìn náà ló mú kọ́ìnì rẹ̀ nínú áńkáṣíìfù, ó jù ú sínú àwo.

“Kí nìyẹn?” ni Àǹtí bi í.

“Owó ilé ìgbẹ́. Mo wọlé lẹ́ẹ̀kan.”

Àǹtí tún gbé awò sójú, ó wo kọ́ìnì náà tinú-tẹ̀yìn, ó wá ya bébà fún un.

“Ó kù,” ló wí. “Ọdún mọ́kàndínlógún lo ti ń wọlé.”